Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Ẹ̀pà: Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọmọ Ìsinsìnyí Ò Fi Lè Jẹ Ohun Tí A Jẹ Dàgbà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbowó-orí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa náà la wà lọ́jà yìí, orí ọmọ kan sì fẹ́ẹ̀ wọ́ lójú wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gba àlejò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọ wálé wá ṣe Kísìmesì lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, obìnrin. Kí wọ́n tó wọ bààlúù ni ìyá ọmọ ti sọ ọ́ lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí kì í jẹ ẹ̀pà o. Kó má tilẹ̀ kan ẹnu ẹ̀ rárá." Màmá ní òun gbọ́. Ó kó gbogbo ẹ̀pà kúrò nílé, àti yíyan àti sísè, ó gbé òróró ẹ̀pà fún aládùúgbò, ó sì sọ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní kúlíkúlí.

Ló bá ní òun á fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti iyán ṣe ọmọ lálejò. Ọjà wa níbí ló ti ra ẹ̀gúsí lílọ̀.

Ọmọ ò tíì jẹ ju òkèlè mẹ́rin lọ tó fi ní ẹnu ń yún òun. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ètè ti wú, ara ti lé wúruwùru bí ẹni tí wèrèpè bà. Ó bì. Ohùn rẹ̀ há, ó wá ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ò sunkún. Ó yọ abẹ́rẹ́ kan nínú báàgì, abẹ́rẹ́ náà dà bí bírò ńlá, ó gún un mọ́ ọmọ nítan látorí aṣọ. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, wọ́n tún gún òmíràn fún un, ó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà yè.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta ni màmá yìí gbé ìyókù ẹ̀gúsí náà wá sọ́jà nínú láílọ́ọ̀nù. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé e kalẹ̀ níwájú wa, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi wò ó. Kí ló wà nínú ẹ̀gúsí yìí?"

Ẹ̀gúsí là ń tà, àwa tí à ń kọ ìwé yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún. A fi ìka kàn án, a gbé e sí imú, a tọ́ ọ wò. Ẹ̀pà lílọ̀ wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀.

Kì í ṣe ìsọ̀ tiwa ló ti rà á. Ṣùgbọ́n a ò lè fi ìyẹn yangàn, a ó sì sọ ìdí ẹ̀ fún yín kí a tó parí.

ARIYÀNJIYÀN NÍPÀDÉ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ó di ariwo. Ìyá Alẹ́lùbọ́ ní àrùn òyìnbó ni, pé tí ọmọ bá ti mu omi òtútù pẹ́, ara rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́. Ìyá ẹlẹ́pà kan fọwọ́ sọ́rí, ó ní, "Nígbà tiwa, ta ló gbọ́ ọ rí? À ń hú ẹ̀pà lóko, à ń jẹ ẹ́ ní tútù, à ń jẹ ẹ́ ní yíyan, kò sẹ́ni tó wú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà dìde, ó ní ọmọ ọmọ tòun kò kọjá òkun rí, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ tó bá jẹ edé, ojú rẹ̀ á wú dí. Ẹ̀rín bá tán.

Ìyálọ́jà wa ló ní kí akọ̀wé lọ bi àwọn tó mọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Ìwé mẹ́fà là ń pe tiwa o, ẹ má rò pé a di dókítà. A lọ bá dókítà ọmọdé kan àti ọmọ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún wa, wọ́n sì fi ohun tó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ hàn wá. Ohun tí a gbọ́ rèé.

KÍ NI NǸKAN NÁÀ?

Ọlọ́run fi ẹ̀ṣọ́ sínú ara gbogbo wa. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí ni kí wọ́n máa lé àrùn àti aràn. Bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà wa lóru ni wọ́n rí. Ọdẹ tó dáa mọ olè, ó sì mọ ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé ọdẹ kan ṣi Ìyá Ẹlẹ́pà mú fún olè. Gbogbo ìgbà tó bá rí i, á fọn fèrè, á yọ kóńdó, á ti gbogbo ilẹ̀kùn ọjà pa. Ìyá Ẹlẹ́pà ò ṣe nǹkan kan. Ariwo ọdẹ ló ń ba ọjà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí nínú ara. Oúnjẹ ò ní májèlé, ẹ̀ṣọ́ ara ló ṣì í mú. Ara wíwú, yíyún, èébì, ọ̀fun tó ń pa dé, gbogbo ẹ̀ ìjà tí ẹ̀ṣọ́ ń jà ni.

Ọdún 1902 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé méjì, Charles Richet àti Paul Portier, kọ́kọ́ fún irú ìjà tó lè pani yìí lórúkọ. Richet gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1913. Ní 1906, dókítà ọmọdé kan ní ìlú Vienna, Clemens von Pirquet, mú orúkọ jáde tí gbogbo ayé wá ń pè é dòní, ìyẹn ẹ́lájì. Nítorí náà nǹkan yìí ti wà nínú ìwé ṣáájú kí wọ́n tó bí ìyá tó bí wa.

Àwọn oúnjẹ tó sábà máa ń fà á ò pọ̀: ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì màlúù, ẹja, edé àti alákàn, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, sóyà, yànmọ̀tí, àti irú èso bíi kaṣú. Ẹ wo ìlà náà dáadáa. Kò sí èyí tí ọjà wa ò tà níbẹ̀.

ṢÉ KÒ SÍ LÁYÉ ÀTIJỌ́ NI?

Ó wà díẹ̀. Orúkọ ni kò ní. Ẹ rántí pé nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kò sí ibi tí ẹnìkan kì í ti í sọ pé, "Èmi ò kí ń jẹ edé o, kì í bá mi lára mu." A máa ń pè é ní èèwọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fipá bọ́ ọ. Ọmọ kékeré mìíràn a sì jẹ nǹkan, á wú, á kú, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló jẹ.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí à ń pè ní ẹ́lájì tí kì í ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ lo oògùn ibà kúlórókúnnì láyé ọjọ́un, kí ìjọba tó fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ ní 2005, ẹ rántí bí ó ṣe ń yún wa tí a fi ń ha ara mọ́jú. Dókítà ní ìyẹn kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣọ́ ara, oògùn náà fúnra ẹ̀ ló ń yúnni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mílíìkì ń kùn nínú tó sì ń gbé ṣáláńgá, ìyẹn náà yàtọ̀: inú rẹ̀ ni kò lè lọ ṣúgà tó wà nínú mílíìkì. Kò bára dé, ṣùgbọ́n kì í pani. Torí náà, tí a bá ń kà á, ẹ má jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú kọ́ńgò kan.

Ṣùgbọ́n tí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ó ṣì pọ̀ sí i lóòótọ́. Àwọn tó ń kà á nílẹ̀ òkèèrè kà á fún wa. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1997 sí 1999, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, àwọn òbí sọ pé bíi mẹ́ta àbọ̀ ló ní ẹ́lájì oúnjẹ. Nígbà tó di 2009 sí 2011, ó ti lé ní márùn-ún. Ti ẹ̀pà nìkan ju ìlọ́po mẹ́ta lọ láàárín 1997 sí 2008. Ní Melbourne nílẹ̀ Australia, wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ ọdún kan jẹ lójú dókítà, wọ́n sì rí i pé ó ju mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ara wọn kọ oúnjẹ kan tàbí òmíràn. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé e jáde.

Èyí tó wá yà wá lẹ́nu jù rèé. Ní Melbourne yẹn kan náà, àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti China àti àgbègbè ẹ̀, tí wọ́n bí sí Australia, ẹ̀pà àti kaṣú ń bá wọn jà ju àwọn ọmọ òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bí sí ìlú wọn kí wọ́n tó kó wọn wá, kò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni o. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí àti bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló yàtọ̀. Ìyẹn ló fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjogúnbá nìkan.

KÍ LÓ FÀ Á?

Ohun mẹ́ta ni dókítà kà fún wa, wọ́n sì máa ń wọ inú ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Ní 1989, onímọ̀ kan ní Ìlú Ọba, David Strachan, wo ìwé àwọn ọmọ 17,414 tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo ní oṣù Kẹta 1958. Kì í ṣe ti oúnjẹ ló ń wá, ti imú tó ń dà àti ojú tó ń yún nígbà tí òdòdó bá ń tú ni. Ó rí i pé ọmọ tó bá ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nílé, kì í sábà ṣe é. Ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe é jù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tú u wò. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí ni pé ẹ̀ṣọ́ ara ọmọ nílò ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí kò ṣeni ní nǹkan, ti ara ewúrẹ́, ti ara adìẹ, ti ilẹ̀, ti ara àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn ni tíṣà rẹ̀. Ọmọ tí kò rí wọn, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ò mọ olè yàtọ̀ sí ọlọ́jà. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o! Wọn ò ní kí ọmọ máa mu omi ẹlẹ́gbin. Ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ikú ni wọ́n ń mú wá. Ẹ fọwọ́ ọmọ tó bá fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń rá lórí ilẹ̀, ẹ má sáré gbé e bí ẹni pé iná ló bọ́ sí.

Aràn náà wà nínú ẹ̀. Ní Ghana, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2013. Àwọn kan nínú wọn ní àmì ìjà ẹ̀pà nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá àwọn tó ní àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kán omi ẹ̀pà sí wọn lára tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kàn án, ara àwọn tó pọ̀ jù ò wú rárá. Ẹ̀ṣọ́ tó ń bá aràn jà lóòótọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè Ìyá Ẹlẹ́pà.

Ìkejì ni awọ ara. Àwọn ọmọ kan wà tí awọ wọn máa ń gbẹ, tó máa ń yún, tó sì ń bó láti kékeré. Ẹ́kísímà ni dókítà ń pè é. Awọ tó bó dà bí ọgbà tó ya. Tí eruku ẹ̀pà tàbí ẹyin bá gba ojú egbò wọlé kí ẹnu tó jẹ ẹ́ rí, bí olè tó fo ọgbà ni ẹ̀ṣọ́ máa rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gba ẹnu wọlé, ẹnu ọ̀nà ló gbà, ẹ̀ṣọ́ á kí i káàbọ̀. Nítorí náà ọmọ tí ara rẹ̀ ń bó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má kàn máa fi ọṣẹ líle bó o lára.

Ìkẹta ló dùn wá jù, torí àwọn tó mọ̀wé ló fọwọ́ ara wọn fà á, kì í ṣe pẹ̀lú èrò ibi. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀pà ń bá ọmọ jà, wọ́n ní kí ìyá má fún ọmọ ní ẹ̀pà mọ́. Ní 1998 ìjọba Ìlú Ọba ní kí ọmọ tí irú nǹkan báyìí wà nínú ìdílé rẹ̀ má jẹ ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2000 ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n tún fi ẹyin kún un, ó di ọdún méjì. Àwọn ìyá gbọ́ràn. Kàkà kó dínkù, ó ń pọ̀ sí i.

Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Gideon Lack, wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn ọmọ Júù tó wà ní Ìlú Ọba àti àwọn ọmọ Júù tó wà ní Israel, ìran kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní 2008 wọ́n fi hàn pé ti Ìlú Ọba fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju ti Israel lọ nínú ẹ́lájì ẹ̀pà. Kí ló yàtọ̀? Ní Israel, ìpápánu ẹlẹ́pà kan wà tó ń yọ́ lẹ́nu, Bamba ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò tíì léyín ti ń jẹ ẹ́.

Ó kó ọmọ 640 jọ, láti ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, gbogbo wọn ló ní ẹ́kísímà tó le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n pín wọn sí méjì. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan ò fẹnu kàn án. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún márùn-ún, èsì jáde ní 2015: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò jẹ ẹ̀pà, 17 ló ní ẹ́lájì ẹ̀pà. Nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ ẹ́, 3 péré. Wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí wọ́n ti di bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Ìyàtọ̀ ṣì wà níbẹ̀, bíi 15 sí 4, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní 2024. Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní 2008, Ìlú Ọba ní 2009. Láti 2017 ni Amẹ́ríkà sì ti ń sọ pé kí wọ́n tètè fi ẹ̀pà mọ ọmọ lẹ́nu.

Ìyá Ẹlẹ́pà gbọ́ èyí nípàdé, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí ìyá mi ń ṣe náà nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Ìyá tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́bàá ọmọ, tó ń fi ìka kan ọbẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu, tó ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì, kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́.

ÀWA NÍBÍ Ń KỌ́?

Ẹ má jẹ́ ká yangàn jù. Ẹ wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń tọ́ ọmọ báyìí. Ọmọ kan tàbí méjì nínú ilé òkè, ilẹ̀kùn ní títì. Mílíìkì inú agolo àti oúnjẹ inú páálí títí ọmọ á fi pé ọdún kan, torí wọ́n ní ọbẹ̀ ilé kò mọ́. Ẹ̀pà ò kàn án lẹ́nu, edé ò kàn án lẹ́nu. Ohun tí àwọn òyìnbó ṣe tí wọ́n wá kábàámọ̀, òun là ń fi owó rà.

Ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì rèé. Kí ọmọ mu ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi oúnjẹ ilé mọ̀ ọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹyin tó jinná dáadáa, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná pò mọ́ ògì. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ ní àárọ̀, kí ẹ lè rí ọmọ títí di alẹ́. Odidi ẹ̀pà kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń bó gan-an tàbí tí oúnjẹ kan ti bá jà rí, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹni tí ẹ bá sì ti mọ̀ pé ara rẹ̀ kọ nǹkan, ẹ má ṣe ní ẹ fẹ́ fi díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn lára fúnra yín. Èyí kì í ṣe ìyàn. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yẹn, òkèlè mẹ́rin ló fẹ́ẹ̀ pa á.

Ẹ̀GÚSÍ WA

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tiwa.

Nígbà tí ẹ̀gúsí wọ́n, tí oníbàárà ń pariwo pé a fẹ́ pa òun, àwa náà ti lọ ẹ̀pà mọ́ ọn rí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ẹ̀pà ò wọ́n tó ẹ̀gúsí, ó sì máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki. A rò pé kò ṣeni ní nǹkan kan, torí oúnjẹ ṣáà ni. Ẹlòmíràn ń lo sóyà, ẹlòmíràn ń lo àgbàdo. Torí ìyẹn la ò ṣe lè nàka sí ẹni tó ta ẹ̀gúsí fún màmá yẹn. Ìsọ̀ tiwa náà ì bá jẹ́.

Màmá yẹn ṣe gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ní kó ṣe. Ó gbá ilé mọ́, ó gbé òróró jáde. Inú igbá wa ni ẹ̀pà ti bá a wọlé.

Ní Ìlú Ọba, ọmọbìnrin ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, kú ní 2016 lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ti dì sílẹ̀. Yànmọ̀tí wà nínú ẹ̀, wọn ò kọ ọ́ sára rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ jà títí wọ́n fi sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kẹwàá 2021 pé ẹni tó bá di oúnjẹ tà gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwa ò dúró de òfin. Ẹnu wa ti tó.

Ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ nìyí:

Kí ẹ̀gúsí tí kò ní àbùlà wà nínú abọ́ tirẹ̀, kí èyí tó ní ẹ̀pà tàbí sóyà wà nínú òmíràn, kí a sì fi páálí kọ ọ́ sára rẹ̀. Kí iye owó wọn yàtọ̀.

Kí ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun ọmọdé, irú Tom Brown, máa sọ gbogbo ohun tó lọ̀ mọ́ ọn: ẹ̀pà, sóyà, edé.

Kí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọta máa sọ fún oníbàárà tó bá bi wọ́n pé ẹ̀pà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ̀pà, ọlọ ilé tirẹ̀ ló dáa jù fún un.

Kí oníbàárà tó bá bi wá pé "Ṣé ẹ̀pà wà nínú ẹ̀?", kí a má rí i bí ẹni tó wá bú wa. Tí a ò bá mọ̀, kí a ní a ò mọ̀.

Láti oṣù Kìíní 2025 ni abọ́ méjì ti wà ní ìsọ̀ tiwa. A ò ní parọ́ fún yín pé èrè pọ̀ sí i. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Wọ́n á wo páálí, wọ́n á wo owó ẹ̀gúsí gidi, wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì níbi tí kò sí páálí. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan ń padà. Ẹni àkọ́kọ́ tó ra odidi kọ́ńgò ẹ̀gúsí gidi lọ́wọ́ wa ni màmá ọmọ yẹn. Kò ná an.

TÓ BÁ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ YÍN

Ẹ gé ibí yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀.

Tí ọmọ bá jẹ nǹkan, tí ètè, ojú tàbí ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ara ń lé, tó ń bì, tí ohùn ń há, tí èémí ń le, tàbí tó kàn rẹ̀ ẹ́ gùdẹ̀ lójijì, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Tó bá ní abẹ́rẹ́ oní-bírò, ẹ gún un nítan kíá. Oògùn yíyún oníhóró ò lè ṣí ọ̀fun tó ń pa dé. Abẹ́rẹ́ adrẹ́nálíìnì ló lè ṣe é, ọsibítù ló sì wà. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tó bá jẹ́ mímí ló nira fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Ẹ gba ọ̀kadà, ẹ gba takisí, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Tí ara bá rọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má yà sílé. Ó lè tún padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ọmọ náà ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àgbà ní kí ó tó lọ, ó bèèrè ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Odidi ẹ̀gúsí ni màmá rà, ó jókòó, ó bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọlọ ilé lọ̀ ọ́. Ọmọ jẹ ẹ́ tán, ó la ọwọ́. Kò wú.

Ẹ jẹ́ ká tajà tí ọmọ lè jẹ kó yè. Ajé á wá o, àlàáfíà náà á bá a wá.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́